Bọ́ọ̀lù Tó Ń Rù

Wọ́n là mí láti abẹ́ àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo,
wọ́n gé ìfun tó ti bàjẹ́ kúrò,
wọ́n sì rán mi pa dà bí àpò irun àgùntàn.
Èmi tí mo ti rẹ́ irun àgùntàn fún ọdún mọ́kàndínlógójì
ní àwọn oko ẹ̀yìn Punta Arenas,
tí mo mọ bí a ṣe ń há ẹran mọ́ àárín orúnkún
kí abẹ má baà kan awọ,
abẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni mo wà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo lajú, ìrora ni mo ń retí.
Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi abẹ gbé Rosamel jáde nínú mi,
lọ́dún tí yìnyín pa ìdajì agbo,
ó jókòó tì mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè:
mo wúkọ́, ó dìde;
mo rẹ́rìn-ín, ó dìde.
Mo dúró dè é. Kò wá.
Afẹ́fẹ́ ló wá, tó ń ti fèrèsé ilé ìwòsàn bí ìṣe rẹ̀.

Dókítà Oyarzún, tó kéré sí àbíkẹ́yìn mi,
jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó ní:
“Dónyà Eduvigis, rọ́bà méjì ni mo tẹ̀ sí yín lára,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
wọn ò nípọn ju okùn ìpẹja lọ.
Àárín ẹran ikùn yín ni orí wọn wà,
níbi tí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora ń gbà kọjá.
Oògùn ń kán sí wọn, wọ́n ń tòògbé.
Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kùn lóorun báyìí.
Àwọn ońṣẹ́ ni.”

Ó wá fi bọ́ọ̀lù náà hàn mí:
ó tó ọsàn ńlá, ó mọ́ gaara,
ó wà nínú àpò aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
kò lo iná, kò ní aago, kò dún.
Ó kàn ń súnkì, ó ń fún oògùn jáde díẹ̀díẹ̀,
bí ìyá ọmọ tó ń rù
kí ọmọ lè sanra.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo dìde.
Mo tẹ ìrọ̀rí mọ́ ikùn, mo wúkọ́.
Ohun kan mì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún,
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé kejì.
Awọ mi ò fọhùn.
Ọkùnrin yàrá kejì, tí mọ́fíìnì ti gbé lọ,
ń bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú jà lórí owó igi ìdáná.
Èmi ń ka ọkọ̀ ojú omi láti ojú fèrèsé.
Mẹ́rin. Ọ̀kan pupa.

Òru kẹta ni apá òsì jí.
Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó jí bí ajá.
Lọ́tùn-ún ìdodo, kẹ́kẹ́ pa; lósì, iná.
Ara kan, ìlú méjì, èmi sì ni ààlà.
Mo ṣépè tí a kì í ṣẹ́ níwájú àgùntàn pàápàá.
Nọ́ọ̀sì Baldomero tan tọ́ọ̀ṣì, ó tú báńdéèjì,
ó rẹ́rìn-ín díẹ̀:
mo ti fi ìbàdí sùn lé rọ́bà náà,
ó ti ká kò, oògùn ò ráyè kọjá.
Ó nà án. Ó di ọwọ́ mi mú.
Kò rọlẹ̀ kíá; ó tó àsìkò tí mo fi ń rẹ́ àgùntàn mẹ́rin.
Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìwọ̀n ẹrù
tí wọ́n ti ń bá mi rù láìkùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bọ́ọ̀lù ti rù tán,
ó wó sínú ara rẹ̀ bí ọmú àgbà.
Baldomero fa rọ́bà jáde, n kò mọ̀ ọ́n lára.
Mo ní kó fún mi ní bọ́ọ̀lù náà fún ọmọ Rosamel.
Ó ní òfin ò gbà á.

Nírọ̀lẹ́ ni ìrora tó wá,
ó ti darúgbó, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀,
ó kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo ní, jókòó.
Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo máa lọ?